Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Oníwákàtí 36: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò láti Singapore sí New York, àti Àbọ̀ Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28 Oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Singapore

Ọ̀la ni mo ń lọ. Ẹrù mi ti wà ní dídì láti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n oorun kò kun ojú mi nítorí nọ́ńbà mẹ́ta tí kò bá ara wọn mu. Tíkẹ́ẹ̀tì mi sọ pé ọkọ̀ òfurufú yóò gbéra ní pápákọ̀ Changi ní aago 12:10 ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò sì dé pápákọ̀ John F. Kennedy ní New York ní aago 6:55 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà. Ẹni tí ó bá yọ èkíní kúrò nínú èkejì yóò rí wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 45. Lára tíkẹ́ẹ̀tì yìí kan náà, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo sì wo bí ibùdó méjèèjì ṣe jìnnà síra, mo rí kìlómítà 15,349. Mo fi 900 pín in, nítorí pé ìyẹn ni ìwọ̀n eré tí bàálù ńlá ń sá ní wákàtí kan tí ó bá ti dé òkè, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkókò tí wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ọkọ̀ ti gbéra àti aago ìlú tí yóò balẹ̀ sí ni, kò sí ìgbà kan tí ó jẹ́ aago ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀. Ní àsìkò yìí, wákàtí 12 ni Singapore fi ṣáájú New York, ìdí nìyẹn tí 18 fi di mẹ́fà. Wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 45 ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò ní ẹnu ọ̀nà ìwọkọ̀ títí di ìgbà tí ó bá dúró pátápátá ní ìbòmíràn. Bí ó ṣe ń rá pálá lórí ilẹ̀, bí ó ṣe ń tò sẹ́yìn àwọn mìíràn kí ó tó gbéra, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ ọn, wọ́n sì tún bù díẹ̀ lé e kí ọkọ̀ má baà máa pẹ́ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wákàtí 17 tèmi ni ti ẹni tí ó ń fi pẹ́ńsù rìn lórí bébà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tí kò bá mọ bí 15,349 ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kìlómítà ni yíká ayé, nítorí náà kò sí ibi méjì lórí ilẹ̀ ayé tí ó lè jìnnà síra ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ìrìn tí mo fẹ́ rìn láìsọ̀kalẹ̀ yìí ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn lọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó tó bẹ́ẹ̀ lè gba Frankfurt ní Jámánì. Láti Singapore dé ibẹ̀ tó kìlómítà 10,300, láti ibẹ̀ dé New York sì tó 6,200, àpapọ̀ wọn kò ju 16,500 lọ. Ohun tí yóò fi kún kìlómítà kéré, ṣùgbọ́n tí a bá ka bí yóò ṣe balẹ̀, tí yóò dúró, tí yóò sì tún gbéra, wákàtí 23 sí 24 ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 29 Oṣù Kẹwàá. Changi

Mo kúrò nílé ní aago 8:40 àárọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ fi wọn ìrìn yìí, kì í ṣe láti pápákọ̀ dé pápákọ̀ nìkan. Ẹ mú ìgò omi òfo dání, kí ẹ rọ omi sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹrù yín wò, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ, ife kékeré tí wọ́n fi ń pín omi kò sì lè pa òùngbẹ wákàtí 18.

Airbus A350-900ULR ni ọkọ̀ wa. Bí a bá wò ó láti ìta, kò yàtọ̀ sí àwọn A350-900 yòókù. Inú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà: líta epo 165,000 ni ó lè gbà níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba 141,000, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi táǹkì mìíràn kún un, ètò epo inú táǹkì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Ìjókòó 161 péré ni ó wà níbẹ̀, nígbà tí irú rẹ̀ máa ń kó èèyàn tí ó tó 300 lọ sí ibi tí kò jìnnà tó yìí. Epo ló gba àyè èèyàn. Awakọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kó wọlé pẹ̀lú wa, méjì yóò máa wà á, méjì yóò máa sùn, wọn yóò sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Aago 12:10 géérégé ni ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, aago 12:31 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Aago ọwọ́ ni mo wọ̀, irú ti àtijọ́ tí ó ní ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkúrú, mo sì fi yangàn fún ara mi: nígbà tí ó jẹ́ pé wákàtí 12 ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì, n kò ní yí i rárá. Aago 12 ọ̀sán níbí, aago 12 òru lọ́hùn-ún, ojú kan náà ni aago mi yóò fi wò wọ́n. Ìyangàn yìí ni ó padà wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà. Ní òfurufú

Bàbá kan ni wọ́n fi jókòó tì mí, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìntì. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ àkọ́kọ́ wá, ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí a gbéra, ó rí i pé mo ń wo àwòrán ọ̀nà lójú tẹlifíṣàn iwájú mi, mo sì ń mi orí. Ọkọ̀ wa dojú kọ Jàpáánù. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe pé kí a kàn kọjá sí ìwọ̀-oòrùn ni, gẹ́gẹ́ bí máàpù ara ògiri ṣe fi hàn. Kò dá mi lóhùn. Ó mú ọsàn inú abọ́ rẹ̀, ó fi èékánná ta á lójú kan nítòsí ìbàdí fún Singapore, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ta á lójú mìíràn lókè díẹ̀ fún New York, ó wá fa okùn gbohùngbohùn etí rẹ̀ le láti ojú kan dé ojú kejì. Okùn náà kò gba ẹ̀gbẹ́ ọsàn kọjá rárá. Orí ni ó gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí wọ́n ti já a kúrò lára igi.

Ó ní, “Ọ̀nà tí ó kúrú jù nìyẹn. Ṣóńṣó àríwá ayé ló ń gbà.”

Ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí ọmọdé lè ṣe. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ẹ̀yìn ara wọn lórí ayé, nítorí náà ẹni tí ó bá gun òkè láti Singapore títí dé ṣóńṣó tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí New York kò yà bàrá rárá. Singapore wà ní dígírì kan àti díẹ̀ sí àríwá ìlà ìdajì ayé, ó ku dígírì 89 ó dín díẹ̀ kí ó dé ṣóńṣó. New York wà ní nǹkan bíi 41, ó ku 49 àti díẹ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 138. Dígírì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kìlómítà 111. Mo fi fóònù mi ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, 15,318 ni ó fún mi. Mo ti fojú inú wo 15,349 yẹn bí ohun tí ẹ̀rọ ńlá kan gbọ́dọ̀ ṣírò. Ọsàn kan àti okùn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé ojú ibẹ̀.

Kí ló wá dé tí a kò gba ṣóńṣó náà? Afẹ́fẹ́ ni. Lókè réré, níbi tí àwọn bàálù ń fò, odò afẹ́fẹ́ kan wà tí ó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń le sí i bí òtútù bá ti ń wọlé ní ìhà àríwá. Ọkọ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀, tí ó sì kọ ojú síbi tí ó ń ṣàn sí, dà bí ọkọ̀ ojú omi tí ìṣàn ń gbé lọ. Lẹ́yìn Jàpáánù, mo rí i lójú tẹlifíṣàn pé eré wa ti di kìlómítà 1,080 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 900 rẹ̀ ni ó ṣì ń sá nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ìyókù. Níkẹyìn, kìlómítà tí a fò lé ní 16,200, ó fi nǹkan bíi 900 ju ti ọsàn bàbá lọ, síbẹ̀ ó yá ju kí a gba ọ̀nà kúkúrú. Ẹni tí ó bá ń ṣírò àkókò ìrìn rẹ̀ láti inú kìlómítà nìkan kò ka odò yìí mọ́ ọn, ìdí sì nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà kan náà kì í fi sábà gba wákàtí kan náà.

Ilẹ̀ ṣú kí aago mi tó kọ́ mẹ́fà. Nítorí pé a ń sáré pàdé òru, kíákíá ni oòrùn wọ̀, bí ẹni pé wọ́n fà á wálẹ̀. Mo sùn díẹ̀, mo jí, mo rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo tún sùn. Ibì kan láàárín Òkun Pàsífíìkì ni a ti ré ìlà tí ó pààlà ọjọ́ kọjá, tí àárọ̀ Ọjọ́rú sì di àárọ̀ Ìṣẹ́gun padà fún wa. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kàn án.

Nígbà tí mo tún ṣí ìbòjú fèrèsé díẹ̀, ìlà pupa kan ti wà níwájú ìyẹ́ ọkọ̀. Mo wo aago mi: ó ku díẹ̀ kí ó di 12. Ní Singapore, òru ni, Ìṣẹ́gun ń parí. Níbí, oòrùn Ìṣẹ́gun kan náà tí mo ti rí bí ó ṣe là láti ojú fèrèsé yàrá mi tún ń là lẹ́ẹ̀kejì. N kò ní purọ́, mo dìde jókòó.

Wákàtí mẹ́fà tí ó kù, lórí ilẹ̀ Kánádà, ni ó nira jù. Oúnjẹ kejì kò ní adùn kankan lẹ́nu mi, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí ó sè é. Mo ti bọ́ bàtà mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ti wú. Nígbà tí wọ́n ní kí a múra àtibalẹ̀, bàtà kò wọ̀ mọ́, mo tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi sálúbàtà. Bàbá gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè láti fi ìbọ̀sẹ̀ fífún tí ó dé orúnkún hàn mí. Ẹ ra irú rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ láti ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà síbẹ̀. New York

Aago 6:17 ìrọ̀lẹ́ ni a balẹ̀, oòrùn ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 46 ni a fi wà lókè. A dé ẹnu ọ̀nà ní 6:30, ìṣẹ́jú 25 ṣáájú àkókò tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìlà àwọn tí ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Mo wọ AirTrain, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbé èrò kúrò ní pápákọ̀, mo sì sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Jamaica, ní New York níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó, ó lé ní dọ́là mẹ́jọ, ẹnu ọ̀nà àtijáde ni ẹ ó ti san án. Inú fóònù ni káàdì owó mi wà, fóònù náà sì ti kú nítorí pé mo fi í ṣe ìṣirò àti àwòrán láti Changi. Dọ́là Singapore nìkan ni ó wà lápò mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá.

Ìyá kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ ìmọ́tótó, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé, wò mí láti òkè délẹ̀, kò béèrè ohunkóhun, ó fi káàdì tirẹ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà fún mi. Nígbà tí a dé ibi ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ó tún san dọ́là 2.90 fún mi. Mo na ogún dọ́là Singapore sí i. Ó gbà á, ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi: “Ta ni yóò gba èyí lọ́wọ́ mi níhìn-ín?” Ibùdó kẹta ni ó sọ̀kalẹ̀. Ẹ tọ́jú owó ìlú tí ẹ ń lọ díẹ̀ sápò, ẹ má sì fi ohun gbogbo sínú fóònù.

Aago 9:25 alẹ́ ni mo kan ilẹ̀kùn ilé tí mo dé sí. Láti 8:40 àárọ̀, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 45 ti kọjá. Wákàtí mẹ́fà gbáko ni ó fi ju wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 30 Oṣù Kẹwàá, dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 2 Oṣù Kọkànlá

Mò ń jí ní aago mẹ́ta òru bí ọ̀sán, mo sì ń tòògbé lórí tábìlì ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Wákàtí 12 ni ó burú jù nínú gbogbo ìyàtọ̀ aago, nítorí pé ọ̀sán ara yín ni òru ìlú gan-an. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ni ó ràn mí lọ́wọ́: mò ń jáde rìn nínú oòrùn fún wákàtí kan bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Títí di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ara kò tíì balẹ̀ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá

Mo ní ìpàdé ní aago mẹ́wàá. Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹ̀ṣọ́ sì sọ fún mi pé aago mẹ́sàn-án kò tíì lù. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá ni Amẹ́ríkà máa ń dá aago padà; nígbà tí aago méjì òru lù, aago kan ni wọ́n sọ ọ́ dà. Fóònù yí ara rẹ̀. Aago ọwọ́ mi tí mo ń fi yangàn kò yí. Singapore kì í yí aago láàárín ọdún, nítorí náà wákàtí 13 ni ó wà láàárín wa láti òní lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òtútù, mo yí ọwọ́ aago sẹ́yìn. Aago ni mo yí, n kò yí ìṣirò orí mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 Oṣù Kọkànlá. Pápákọ̀ Kennedy

Aago 10:30 alẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì kọ, ìrìn wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 50. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Singapore ti ní òun yóò wá gbé mi. Dípò kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, mo ṣe é lórí: mo fi wákàtí kún un, mo fi 12 kún un, mo kọ̀wé sí wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, aago 5:20 àárọ̀ Ọjọ́rú ni a ó dé.” Lára tíkẹ́ẹ̀tì, 6:20 ni, àmì +2 kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí a gbéra ni a ó balẹ̀. Ẹ máa wo àmì yìí dáadáa; òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí tí wọ́n fi ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ tí kò yẹ.

A gbéra kúrò nílẹ̀ ní 11:08.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 Oṣù Kọkànlá. Ní òfurufú

N kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní ọjọ́ yìí rárá. Ọ̀nà kejì ni a gbà padà: Òkun Àtìláńtíìkì, ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́yìn náà gúúsù Éṣíà. Ìlà-oòrùn ni a tún dojú kọ, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa tì wá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé tí mo bá padà dé Changi, mo ti yí ayé ká láìyí ẹ̀yìn padà. Ilẹ̀ mọ́ ní Yúróòpù, ọ̀sán náà kúrú bí ìpápánu, òru sì tún dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó tì mí lọ́tẹ̀ yìí ní òun yóò sùn títí, kí òun lè jí gbọ́ èsì ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Mo ní kí ó wo aago New York. Nígbà tí a balẹ̀, aago 4:49 ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni lọ́hùn-ún, wọ́n ṣì ń dìbò lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 6 Oṣù Kọkànlá. Singapore

Aago 5:49 àárọ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ilẹ̀, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 41 lẹ́yìn tí a gbéra. Aago 6:35 ni mo tó jáde. Ẹ̀gbọ́n ti wà níbẹ̀ láti aago márùn-ún, ife kọfí òfo méjì wà níwájú wọn.

Wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé Ọjọ́rú ló rú ọ lójú ni, àbí ìṣirò?”

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Nínú ọkọ̀ wọn, mo ṣírò rẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ìwé ìwọkọ̀ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo lọ gùn tó wákàtí 36, èrè 12 nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ wákàtí 25, èrè kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bọ̀ kò ju wákàtí 11 lọ, àdánù 13. Méjìlá àti ẹyọ kan, mẹ́tàlá. Gbèsè kò sí.

Ẹ̀gbọ́n wo bébà náà nígbà tí iná pupa dá wa dúró. Wọ́n ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 tí àwọn fi jókòó sí pápákọ̀ kò sí nínú rẹ̀, kí n kọ ọ́ sí i, kí n sì san owó kọfí méjèèjì. Mo kọ ọ́ sí i, mo yí aago mi síwájú ní wákàtí kan.